Nígbà Tí Ara Bá Kọ Iṣẹ́ Ọwọ́

Àsọyé tí Ìgbìmọ̀ Ìlera àti Ààbò ṣe níwájú ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ka wa

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣíìfù ni, àwọn awakọ̀ wa náà sì ní láti padà sídìí ọkọ̀. A kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn ju bó ti yẹ lọ.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ́ ọwọ́ yín méjèèjì síwájú. Ẹ wo ẹ̀yìn ọwọ́, ẹ wo àárín ìka, ẹ wo ọrùn ọwọ́ níbi tí aago ń jókòó sí. Ẹ wo ti ẹni tó jókòó tì yín pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ibi tó dúdú ju ara tó kù lọ, tó nípọn bí awọ bàtà, tó la, tó ń yún, tàbí tó ń ṣomi, ẹ má sáré ki ọwọ́ náà bọ àpò. Ọ̀rọ̀ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni a wá bá yín sọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wà tó ti ń po sìmẹ́ńtì fún ọdún 11. Ó gbà kí a sọ ìtàn òun, ṣùgbọ́n ó ní kí a má dárúkọ òun, kí a má sì dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Fún ọdún 10 ohunkóhun kò ṣe é. Ní ọdún kọkànlá ni àárín ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yún un. Ó rò pé ooru ni. Nígbà tó ṣe, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sú, ó léròrò, ó ń ṣomi. Lẹ́yìn náà ó gbẹ, ó sì la bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò lè di ṣọ́bìrì mú mọ́. Bí ó bá fẹ́ jẹ ẹ̀bà, ṣíbí ló ń lò, nítorí ata kò ṣeé fọwọ́ kàn.

Ọwọ́ àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ẹ̀tẹ̀ ni, a kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. A ya ife omi rẹ̀ sọ́tọ̀ ní kantíìnì. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ yìí gan-an ló fún un ní ìpara tí ó fi wo làpálàpá ọmọ rẹ̀ nílé, ó ní kó máa fi pa á láàárọ̀ lálẹ́. Fọ́máànù ní kó lọ jókòó sílé títí ara rẹ̀ yóò fi yá, láìsanwó fún un. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé, ọwọ́ náà sì ń jinná bọ̀. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Kó tó di alẹ́ Ọjọ́rú, ó ti tún dé, ó tilẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ohun tí kò sí ẹni tó sọ nínú gbogbo àwa ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ jókòó sílé, ó ń jinná, ẹ débi iṣẹ́, ó tún yọ. Ṣé ẹ kò rí i pé nǹkan tí ẹ ń fọwọ́ kàn níbẹ̀ ni?" Bí wọ́n ṣe kọrí sí ilé ìwòsàn ńlá nìyẹn, lọ́dọ̀ àwọn dókítà tó ń tọ́jú awọ ara. Òótọ́ ni obìnrin náà sọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọdẹ ẹnu géètì ṣe àpèjúwe ohun tó ṣẹlẹ̀. Inú ara olúkúlùkù wa ni àwọn ọdẹ wà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá kòkòrò àrùn mọ̀, kí wọ́n lé e jáde, kí wọ́n sì rántí ojú rẹ̀ bó bá tún padà wá. Ìrántí yìí náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń gún fún àwọn ọmọ wa gbára lé. Àmọ́ nígbà mìíràn ọdẹ a máa ṣi ẹni mú. Nǹkan kan tí kì í ṣe ọ̀tá gba inú awọ wọlé, ọdẹ wo ojú rẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé olè ni. Láti ọjọ́ náà lọ, ìgbàkígbà tí nǹkan ọ̀hún bá kan ara, ìbáà jẹ́ bíńtín, gbogbo ọdẹ a tú jáde. Ìjà tí wọ́n ń jà nínú awọ ni a ń rí lóde tó ń yún, tó ń wú, tó sì ń léròrò. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní àlẹ́jì awọ ara.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ mú lọ sílé nínú àpèjúwe yìí. Èkíní, ọdẹ kì í kọ orúkọ olè náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó kéré tán, a tó nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14. Ti ẹlòmíràn sì ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé "ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é, kò ṣe mí rí" kò tíì sọ nǹkan kan. Èkejì, ìjà náà kì í bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wákàtí 24 sí 72 lẹ́yìn tí nǹkan náà bá kan ara ni ó sábà máa ń yọ. Ìdí nìyí tí ti ọ̀rẹ́ wa fi dé lọ́jọ́rú, tí a sì ń dá oúnjẹ tó jẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́bi. Ẹ̀kẹta, ìjà tí ara ẹnì kan ń bá ara rẹ̀ jà kò lè ran ẹlòmíràn. Ife tí a yà sọ́tọ̀ yẹn, ìtìjú wa ni.

Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tó bó ni àlẹ́jì o. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ni yóò bó bó bá ń fi pẹtiróòlù, kẹrosíìnì tàbí tínà fọ ọ̀dà àti gíríìsì kúrò lójoojúmọ́. Nǹkan wọ̀nyí ń fọ gbogbo epo ara kúrò, awọ a sì gbẹ, a la. Sìmẹ́ńtì tútù pàápàá ń jó awọ ara bí eérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Èyí kò ní í ṣe pẹ̀lú ọdẹ kankan. Fífi ìyà jẹ awọ ni. Ṣùgbọ́n awọ tó ti bó ni ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ ni àlẹ́jì ń gbà wọlé. Ẹ̀yin mẹkáníìkì tí ẹ ń fi pẹtiróòlù ṣan ọwọ́ bí ẹni ṣan omi, ẹ gbọ́ o.

Kí ni àwọn ọdẹ wọ̀nyí sábà máa ń pè ní olè nídìí iṣẹ́ wa? Nínú sìmẹ́ńtì, kírómíọ̀mù ni. Díẹ̀ ló wà níbẹ̀, àmọ́ ó tó. Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ti mọ èyí tipẹ́; ní ọdún 1983 ni wọ́n ṣòfin lórí rẹ̀, wọ́n ń da ferrous sulphate mọ́ sìmẹ́ńtì kí kírómíọ̀mù náà má baà lè wọ awọ ara mọ́. Láti oṣù Kìíní ọdún 2005, òfin gbogbo orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni pé irú kírómíọ̀mù yìí kò gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú mílíọ̀nù kan lọ nínú sìmẹ́ńtì tí òṣìṣẹ́ yóò fọwọ́ kàn. A sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run tí ènìyàn kò lè ṣe nǹkan sí.

Kírómíọ̀mù kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ awọ bàtà àti ìbọ̀wọ́ aláwọ. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ wa. Nígbà tó kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, wọ́n ṣàánú rẹ̀, wọ́n fún un ní ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ aláwọ ni! Òógùn ọwọ́ rẹ̀ ń yọ kírómíọ̀mù inú awọ náà sára rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ọwọ́ tí ó ń le sí i, wọ́n ní òun ni kò fẹ́ ṣiṣẹ́.

Rọ́bà ńkọ́? Kì í ṣe omi igi rọ́bà fúnra rẹ̀ nìkan, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń sè é tó fi ń le ló wọ́pọ̀ jù. Ó wà nínú ìbọ̀wọ́, nínú bàtà òjò, nínú ìbòrí sítíàrín, nínú okùn ẹ̀rọ. Awakọ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń yún níbi tó ti ń di sítíàrín mú, kí ó yọ ìbòrí náà kúrò fún oṣù kan, kó wò ó. Níkẹ̀lì wà nínú irin aago ọwọ́, nínú irin bẹ́líìtì, nínú yẹtí olówó pọ́ọ́kú. Bí abẹ́ ìdodo rẹ bá ń yún ọ́ ní ibi kan ṣoṣo lọ́dún dọ́dún, wo irin bẹ́líìtì rẹ kí o tó lọ bá adáhunṣe. Àwọn tó ń fi gúlù alápòpọ̀ méjì tí wọ́n ń pè ní epoxy ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ó kan yín kó tó gan, nítorí ìgbà tó ṣì rọ̀ ló léwu. Ẹ̀yin àgbà awakọ̀ tí irùngbọ̀n ti ń funfun, tí ẹ ń fi dáì pa á láṣẹ́ kí àwọn èrò má baà pè yín ní bàbá, ẹ̀yin náà ẹ ṣọ́ra. Kẹ́míkà tó ń mú dáì náà dúdú, tí wọ́n tún ń pò mọ́ làálì dúdú fún àwọn ìyàwó, wà lára àwọn tó burú jù. Ó lè mú kí gbogbo ojú wú tí ojú kò fi ní lè là.

Báwo ni a ó ṣe dá a mọ̀? Ìwé òyìnbó ń sọ pé ibẹ̀ yóò pọ́n. Lára òyìnbó ni ó ń pọ́n. Lára tiwa, ó lè dúdú sí i, ó lè rí bí àwọ̀ eérú tàbí kí ó ṣe bí elésè àlùkò, nígbà tó bá sì jinná, àpá dúdú lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àpá yẹn kì í ṣe àrùn mọ́. Ẹ má fi ìpara ìbóra bó o. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni ibi tó wà àti ìgbà tó ń yọ. Bí ó bá dúró síbi tí nǹkan ń kan ara, tó ń rọlẹ̀ nígbà ìsinmi, tó ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ kan sí mẹ́ta tí a padà sẹ́nu iṣẹ́, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n tán.

Àwọn àrùn mìíràn tó jọ ọ́ wà. Làpálàpá sábà máa ń yí bìrìkìtì, etí rẹ̀ a ga, àárín rẹ̀ a sì máa mọ́. Kúrúnà ń yún jù lóru, kì í sì í mú ẹnì kan nílé kó fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ tí gbogbo wa ń bẹ̀rù kì í sábà yún. Ibi tó bá mú ni kì í mọ̀ bí a bá fi abẹ́rẹ́ gún un tàbí bí iná bá jó o, oògùn tó ń wò ó sàn sì wà, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tó ń wú kúlúkúlú káàkiri ara, tó ń yọ níbí, tó ń rọ níbẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, àlẹ́jì ni òun náà, ṣùgbọ́n irú mìíràn ni. Bí ó bá jẹ́ pé ètè, ahọ́n tàbí ọ̀fun ló ń wú, tí èémí ń há, tàbí tí òòyì ń kọ́ ènìyàn, ẹ má wá aṣọ wọ̀: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni bí ènìyàn bá lo oògùn tuntun kan, tí ara rẹ̀ ń bó bí ẹni iná jó, tí ẹnu àti ojú rẹ̀ sì ń dégbò. Kí ó má ṣe lo oògùn náà mọ́, kí ó sì gbé e dání lọ fún dókítà láti wò.

Ní ti ìtọ́jú, a ó sọ òótọ́ fún yín. Kò sí ìpara tó lè ṣẹ́gun ohun tí a tún ń ki ọwọ́ bọ̀ lójoojúmọ́. Yíyẹra fún nǹkan náà ni olórí oògùn. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ibẹ̀ bá ń ṣomi, ẹ rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi tútù tó mọ́, ẹ fi lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Bí ó bá ti gbẹ, òrí tàbí fasilíìnì lásán, tí kò ní lọ́fínńdà nínú, nígbàkígbà tí a bá fọwọ́ tán. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì ju ọ̀pọ̀ ìpara olówó ńlá lọ.

Oògùn tí dókítà sábà máa ń kọ ni ìpara sitẹ́rọ́ìdì. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pàrọwà fún àwọn ọdẹ kí wọ́n sọ kùmọ̀ sílẹ̀. Èyí tó lágbára wà fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nítorí awọ ibẹ̀ nípọn. Èyí tí kò lágbára ni ti ojú àti abẹ́ abíyá. Ìwọ̀n tí a bá fún jáde tó gùn láti orí ìka tí a fi ń júwe dé oríkèé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Iye ọjọ́ tí dókítà bá sọ ni kí a lò ó, kì í ṣe títí lọ.

Níbí ni a ti fẹ́ ké gbàjarè. Ìpara kan wà kárí ọjà, mẹ́ta-nínú-ọ̀kan: oògùn làpálàpá, oògùn kòkòrò àti sitẹ́rọ́ìdì líle, wọ́n pò ó pọ̀ sínú túùbù kan. Irú rẹ̀ ni ọmọ ìgbìmọ̀ wa fún ọ̀rẹ́ wa. Ó ń yára dá yíyún dúró, ìdí nìyí tí gbogbo ayé fi fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pò ó mọ́ ìpara ìbóra. Bí a bá lò ó pẹ́, awọ ara a fẹ́lẹ́ bí ìwé, a máa ya, iṣan a hàn síta. Bó bá sì jẹ́ làpálàpá ló wà níbẹ̀, a lè fara pamọ́ kí ó máa tàn kálẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Sitẹ́rọ́ìdì oníhóró tí wọ́n ń tà nínú bọ́ọ̀sì tún burú ju ìyẹn lọ. Ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wá. Ẹ̀yin kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí ẹ ń gbà wọ́n láyè láti pòwe oògùn nínú ọkọ̀, ẹ rò ó wò.

Ọ̀rọ̀ kan fún awakọ̀ nìkan: Piriton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń mú oorun wá. Fún èyí tó ń wú kúlúkúlú, ìrú oògùn bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Fún ọwọ́ tó la tó sì bó, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan ju kí ó jẹ́ kí a rí oorun sùn. Ẹni tó bá lò ó kò gbọdọ̀ jókòó sídìí sítíàrín.

Báwo ni ilé ìwòsàn ṣe mọ̀ pé kírómíọ̀mù ni? Wọ́n lẹ àwọn nǹkan kéékèèké mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ó gbé e kiri fún ọjọ́ méjì láìwẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n ṣí i, wọ́n wò ó, wọ́n tún wò ó lẹ́yìn ọjọ́ méjì mìíràn. Ojú kan ṣoṣo ló sú. Josef Jadassohn, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàfihàn àyẹ̀wò yìí ní ọdún 1895, òun náà ni wọ́n ṣì ń lò títí di òní. Kò wọ́pọ̀ nílé ìwòsàn kéékèèké. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí a bá rí i ṣe kí a tó ṣí ojú wa: ìwé tí a kọ ọjọ́ àti ohun tí a fọwọ́ kàn sí ń ran dókítà lọ́wọ́ púpọ̀.

Ó wá ku ẹ̀tọ́. Òfin ilé-iṣẹ́ nílẹ̀ wa, Factories Act, sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ pèsè ibi ìfọwọ́, pẹ̀lú ọṣẹ àti ohun tí a fi ń nu ọwọ́, kí ó sì pèsè ohun ìbora fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lè pa á lára. Ìbọ̀wọ́ tí a ń bèèrè fún àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì ni oníníítíráìlì tàbí oníke, tó gùn kọjá ọrùn ọwọ́, tí aṣọ òwú wà nínú rẹ̀. Bí sìmẹ́ńtì bá sì ti wọ inú ìbọ̀wọ́, ẹ bọ́ ọ, ẹ fọ̀ ọ́. Ìbọ̀wọ́ tí sìmẹ́ńtì wà nínú rẹ̀ burú ju ọwọ́ lásán lọ.

Òfin ọdún 2010, Employee's Compensation Act, sọ pé àrùn tí iṣẹ́ fà ní owó ìtanràn tirẹ̀ bí ìjàǹbá. Àjọ NSITF ló ń bójú tó o, agbanisíṣẹ́ ló sì ń san owó náà sí i, ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù tó ń san. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó tiyín nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7, a sì gbọ́dọ̀ béèrè fún owó náà láàárín ọdún kan. Ọ̀rẹ́ wa fi ọwọ́ sápò fún oṣù márùn-ún kó tó sọ̀rọ̀, nítorí ojú ń tì í. Ẹ ò rí i pé àwa tí a ya ife sọ́tọ̀ jẹ nínú gbèsè náà.

Wọ́n ti gbé e kúrò nídìí pípo sìmẹ́ńtì báyìí, ó ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù inú ọgbà, owó oṣù rẹ̀ kò sì dín. Ó gba lẹ́tà mẹ́ta àti ìjókòó méjì kí èyí tó ṣeé ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ti jinná, àpá dúdú ṣì wà níbẹ̀. Owó oṣù márùn-ún yẹn ni a ṣì ń bá wọn fà.

Ìwé kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé lórí tábìlì iwájú. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń yún, kí ó kọ orúkọ, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó ń fọwọ́ kàn sílẹ̀ kó tó lọ. Fún ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń sáré, akọ̀wé yóò gbé ìwé náà wá sí gáréèjì lọ́jọ́bọ̀, láti aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó nawọ́.